Èédú Ara Ilẹ̀kùn Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé àyà ni mo fi ń ti páànù búrẹ́dì kí n tó lè gbé e, ìyá mi rán mi lọ ra kosai, àkàrà àwọn Háúsá, ní oríta kan ní Gawon Nama, ní Sokoto. Àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì mai shayi tó máa ń ta tíì níbẹ̀, ṣùgbọ́n mai shayi fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Ọ̀kan nínú wọn tutọ́ sílẹ̀, ó ní, "Baƙi sun ɓata kasuwa." Ìyẹn ni pé àwọn àjèjì ti ba ọjà jẹ́. Èkejì dá a lóhùn pé, "Àwọn ará Nìjẹ̀ ti lọ. Ó ku àwọn Yorùbá." Wọ́n wá yíjú wò mí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe pé n kò gbọ́ èébú rí. Sokoto ni wọ́n bí mi sí, mo sì mọ bí a ṣe ń bú ọmọ Yorùbá àti bí ọmọ Yorùbá náà ṣe ń bú wọn padà. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni pé mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Pálọ̀ wa ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́nu alága ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì, ẹni tó ti ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ wá gẹ́gẹ́ bíi bàbá mi tí òun náà ń ṣe búrẹ́dì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí alága yìí jẹ́. Ọkùnrin tó máa ń jẹ obì sí àgbàlá onílé, tí yóò sì tu èérí rẹ̀ sí ibi tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Tó bá ń sọ Yorùbá, yóò máa fi Háúsá há a láàárín kí ẹ lè mọ̀ pé ó ti pẹ́ nílùú. Òun ló kọ́kọ́ dá àwọn ọmọ àdúgbò tó ń po fúláwà fún un dúró, tó lọ sí Kasuwar Kara, ọjà ẹran, tó lọ ṣa àwọn ọkùnrin tó ti orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ wọlé, nítorí pé iye tó bá wù ú ni wọ́n ń gbà. Búrẹ́dì rẹ̀ wá dínwó ju ti gbogbo ayé lọ. Àwọn yòókù rí i, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá mi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí gbogbo wọn dọ́gba tán ni ojú alága ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tó wá rí i pé àjèjì kò dára.

Ó pe ìpàdé sí ilé wa. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "àwọn ará Nìjẹ̀ yìí ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílùú. Owó kékeré tí wọ́n ń gbà ló sọ iṣẹ́ wa di yẹpẹrẹ. Wallahi, baƙi sun ɓata kasuwa! Ẹ jẹ́ ká lé wọn, ká gba àwọn ọmọ àdúgbò padà. Ẹni tó bá fi àjèjì pamọ́, a ó wó ààrò rẹ̀." Àwọn àgbà ọkùnrin pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó rántí pé ọkọ̀ ló gbé òun náà dé Sokoto.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá mi ní, "Bàbá wọn, ẹ ò mà sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ? Ṣé ẹni tó ń gba owó kékeré ló dá iye rẹ̀ ni, àbí ẹni tó ń san án?"

"Ẹ ò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Kí wọ́n wá wó ààrò mi?"

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ṣe dá ará Nìjẹ̀ tó ń bá wa po fúláwà dúró. Ọkùnrin gíga kan ni, tó máa ń pè mí ní Hajiya, èmi tí imú mi kì í gbẹ. Ó fọ ìyẹ̀fun kúrò ní apá rẹ̀, ó fá inú ọpọ́n títí ó fi mọ́, ó ní, "Sai an jima," ìyẹn ni pé ó dìgbà díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán. Àwọn mai shayi àdúgbò wa jẹ́ ará abúlé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé wọ́n ń lé àwọn ìbátan wọn, wọ́n di kẹ́tùlù wọn, wọ́n bá wọn wọ ọkọ̀ ẹran ní Kara.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wá lọ bá alága. "Alhaji, a ti dé o. Ẹ ní iṣẹ́ wà." Alága dá iye tí yóò máa san. Iye tó ń san fún àwọn ará Nìjẹ̀ náà ni, kò fi kọ́bọ̀ lé e. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi di ògiri mú. "Kai, Alhaji, ṣé owó iṣẹ́ lèyí àbí sàráà?" Alága ní ọ̀lẹ ni wọ́n, ó ní ẹni tó ń wáṣẹ́ kì í yan owó. Wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ tí alága fi lé àwọn ará Nìjẹ̀ ni wọ́n gbé, wọ́n sì yí i padà sí wa.

Èédú ni wọ́n fi fa àgbélébùú sára ilẹ̀kùn àwọn Yorùbá. Wọ́n fà á sí ti wẹ́dà, sí ti onídìrí, sí ti fọ́kanáísà, sí ti ààrò wa. Wọ́n ní Yorùbá tí àwọn bá bá níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kó má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kí ọjọ́ náà tó pé ni wọ́n ti dáná sun àtíbàbà fọ́kanáísà. Ọlọ́run ló yọ ọkùnrin náà. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn táyà tó ń jó, ẹsẹ̀ mi kì í dúró sójú kan. Alága ńkọ́? Kí èéfín náà tó lọ sílẹ̀, ó ti kó ìdílé rẹ̀ gba ọ̀nà Ìlọrin. Àwa dúró, kì í ṣe nítorí ìgboyà. Ààrò kì í wọ ọkọ̀, kò sì sí ohun mìíràn tí a fẹ́ lọ máa jẹ nílé.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, alága padà wá. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ará Nìjẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀, lórí iye àtijọ́, ó sì ń sọ kiri pé òun lòun pẹ̀tù sí ìjà náà. Ará Nìjẹ̀ tiwa kò padà. Lónìí, ayé ti yí. Kẹ̀kẹ́ ti gba oríta yẹn, àdúgbò Kasarawa tí mò ń gbé báyìí sì kún fún àwọn tí wàhálà lé kúrò lábúlé, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kíṣẹ́ fún owó kówó. Fóònù ni wọ́n fi ń ṣèpàdé báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ alága náà ni mò ń gbọ́ níbẹ̀, lẹ́nu àwọn ọmọ tó kàwé ju mí lọ fíìfíì. Èmi kì í dá sí i. Mo máa ń wo ẹni tó ń sọ ọ́ bóyá òun ló ń sanwó.

Ọjọ́ Jímọ̀ náà ni mo fẹ́ parí rẹ̀ sí. Ní òwúrọ̀, a gbọ́ tí nǹkan ń họ ilẹ̀kùn ààrò. Ìyá mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Bàbá mi mú ọ̀pá gígùn tó fi ń ti búrẹ́dì sínú iná, ó ṣílẹ̀kùn. Ìyá oníkosai tó ń tà lóríta ni, pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́, ó ń fọ èédú náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó tutọ́ lóríta níjọ́sí, ló gbé korobá omi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó dorí kodò.

"Da omi!" ni màmá náà ń pariwo ní Háúsá. "Ẹ lé àwọn ará Nìjẹ̀, mai shayi bá wọn lọ. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí oníbúrẹ́dì dáná. Ta ló máa jẹ kosai lásán lówùúrọ̀? Ẹ̀wà mi kan lánàá, ó kan níjẹta! Tí ẹ bá lé Yorùbá tán, ta ló kù? Èmi ìyá rẹ? Da omi, mo ní!"

Ó fọ̀ ọ́ títí ó fi ku òjìji dúdú kan lásán. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí bàbá mi. "Mai burodi, dáná. Mo ti lọ fọ ti àwọn yòókù, kò sẹ́ni tó máa wá yọ yín lẹ́nu."

"Màmá, ẹ ṣé. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa po fúláwà."

Màmá náà wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà gbé korobá sílẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní, "Èló lẹ máa san?"

Bàbá mi wo ìyá mi. Ó wá dá iye ńlá kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu oníbúrẹ́dì kankan rí. Ọmọ náà wọlé, ó sì po fúláwà bí ẹni tó ń bá a jà. Búrẹ́dì ọjọ́ náà le bí òkúta. Oríta Gawon Nama jẹ ẹ́ tán.