Ọjọ́ Tí Òṣùpá Dá Ẹ̀gbọ́n Délé Lóhùn

Ọjọ́ tí mo wọṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wa ní Yábàá, orí òrùlé ni mo ti bá ọ̀gá mi, Ẹ̀gbọ́n Délé, tí wọ́n ń fi wáyà so irin pọ̀. Wọ́n ní eríàlì ni. Wọ́n fẹ́ fi rédíò ju ohùn lu òṣùpá, kí wọ́n sì gbọ́ ọ nígbà tó bá ta padà. Mo ní háà, ọ̀gá mi ti ń ṣarán!

"Àwọn ṣójà òyìnbó ti fi rédà, ẹ̀rọ tó ń ju ohùn rédíò, lu òṣùpá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì dá wọn lóhùn," ni wọ́n wí. "Ṣé òṣùpá tiwọn yàtọ̀ sí ti Yábàá ni?" Wọ́n kàn fẹ́ fi etí ara wọn gbọ́ ọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì.

Èmi ni mo ń tẹ kọ́kọ́rọ́ tó ń rán ohùn lọ. Kéèyàn tó gbé itọ́ mì, ó yẹ kó ti lọ kó sì padà dé. Ẹ̀gbọ́n ló ń gbé agbóhùn sétí, torí àgbà ló ń kọ́kọ́ tọ́ nǹkan wò. Ta ni mo jẹ́ tí n ó gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá mi? Wọ́n á tẹ́tí títí, wọ́n á mirí: "Kò dáhùn." A tú eríàlì, a tún un tò. A bú jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò pé ariwo wọn ló ń bò ó mọ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, òṣùpá ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lápá ọ̀sà, àlejò pe Ẹ̀gbọ́n sísàlẹ̀. Mo gbé agbóhùn sétí, mo tẹ kọ́kọ́rọ́. Ohùn náà padà, ó tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ó já gaara. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún padà. Mo fò sókè. Àfi bí inú mi ṣe bà jẹ́ lójijì: kò sí nǹkan tó ṣe eríàlì wa. Etí ọ̀gá mi ló ti di. Àwa ará ibiṣẹ́ sì ti ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé wọ́n ń pariwo bí ẹni ń pe èrò ní gáréèjì Ìdó.

Nígbà tí wọ́n gòkè padà, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ wọn lé sípíkà rédíò wa, mo yí i sókè pátápátá, mo tẹ kọ́kọ́rọ́. Sípíkà gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n wo ẹnu mi.

"Ó dé?"

Mo mirí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó tó ti ń dé?"

"Bóyá ó ti pẹ́, sà."

Omi lé ròrò sójú wọn. "Tọ́lá, jọ̀ọ́, tún un tẹ̀." Mo sì ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá.

Ẹ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni ọ̀gá báyìí, gbogbo wa la sì ń pín agbóhùn gbọ́, àgbà àti ọmọdé. Àmọ́ àárò wọn ń sọ mí gan-an. Ìyàwó wọn ló ń gbé fóònù, tí yóò ní wọ́n ń kí mi. Òṣùpá jìnnà tó báun, mo pè é, ó dáhùn. Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà, Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ mi mọ́.