Àwọn Àna Kétu àti Fìlà Akọ́dà

Òórùn aró ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nílé wa ní Ìwó. Kí àkùkọ tó parí ariwo tirẹ̀, ìyá mi á ti ṣí àwọn ìkòkò aró, òórùn náà á sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá wa lórí ẹní, kíkan pẹ̀lú kíkorò. Àlejò a máa fọwọ́ bo imú. Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í mọ̀ pé ó wà, àfi lọ́jọ́ tí kò bá sí. Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí. Ìyá mi ti tẹ́ ẹní sórí àwọn ìkòkò ńlá náà tí a rì mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti gbá àgbàlá títí ó fi ń dán, nítorí pé àwọn àna ẹ̀gbọ́n mi Ṣìfáwù ń bọ̀ láti Kétu.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ óò rántí bí Kétu ti jìnnà tó láyé ìgbà náà. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ti fa ìlà kan gba inú igbó kọjá, wọ́n ní Faransé ló ni ọ̀hún, Gẹ̀ẹ́sì ló ni ìhín. Kò sẹ́ni tó fojú rí ìlà náà. Bàbá mi, tí ó máa ń gbé aṣọ òfì lọ tà níbẹ̀, ní òun ti kọjá lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà, kò sì gbé òun ṣubú rí. Ibi òwò yẹn ló ti bá bàbá Ràímì dọ́rẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ṣàdéhùn pé Ràímì ni yóò fẹ́ Ṣìfáwù. Ràímì a máa bá bàbá rẹ̀ wá sí ilé wa, Ṣìfáwù a sì máa bu omi fún un ju bí òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́ lọ. Nígbà tí bàbá Ràímì kú, àbúrò olóògbé náà ló kó àwọn ẹbí wá tọrọ ìyàwó.

Ìyá mi nìkan ni kò fẹ́. Kò rí wí sí Ràímì, Faransé ni kò fẹ́. A ti gbọ́ pé wọn kì í fi ọba Yorùbá pe nǹkan kan, pé wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sógun lókè òkun, àwọn tí wọ́n bá sì lọ kì í tètè dé. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yin òyìnbó tiwa bí ẹni pé òun ló bí i. "Òyìnbó tiwa mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ọba là ń gbà wọ ìlú," ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Bó bá ń fẹ́ nǹkan, ọba ni yóò rán sí wa."

Ọ̀rọ̀ yìí náà ló tún fà jáde lọ́jọ́ tí àwọn àna dé, lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán. Àbúrò bàbá Ràímì gbọ́ ọ títí ó fi parí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀rín rẹ̀ kì í kọjá ètè. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "òyìnbó tiwa ń nà wá fúnra rẹ̀. Tiyín ń yá ọwọ́ ọba nà yín. Pàṣán kan náà ni." Àwọn àgbà ilé wa rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí a ń rín fún àlejò.

Àṣà kan wà ní Ìwó nígbà náà: bí àlejò ọ̀nà jíjìn bá wọ̀ sílé ẹni, onílé gbọ́dọ̀ fi tó ààfin létí, ààfin á sì fi obì kí àlejò káàbọ̀. Bàbá mi ti ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ fún àwọn àna. Ó fẹ́ kí obì ọba já lù wọ́n, kí wọ́n lè mọ irú ilé tí wọ́n ti wá fẹ́yàwó.

Ṣìfáwù wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Ràímì, igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí akọ́dà, ìránṣẹ́ ọba, yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà pupa àti bẹ́líìtì rẹ̀. Gbogbo Ìwó mọ̀ pé akọ́dà yìí kò lè mú adìẹ. Àwọn ará Kétu kò mọ̀. Kí ó tó kí wa tán, orí ìjókòó wọn ti ṣófo. Àwọn kan gba abẹ́ apá rẹ̀ jáde. Àbúrò bàbá Ràímì sá lọ sẹ́yìn ilé, ó gun orí ẹní tí ìyá mi tẹ́, ó sì bá ara rẹ̀ nínú aró títí dé àyà. Ràímì fo ògiri, ṣùgbọ́n kò dá fò ó. Ó ti kọ́kọ́ gbé Ṣìfáwù sọdá. Igbá omi nìkan ló kù nílẹ̀, tó ń yí.

Àwa ọmọdé rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ojú àwọn àgbà ilé àti ti akọ́dà ọba ni wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ sá lọ láìtíì so yìgì. Ó ní kí wọ́n di ẹrù ìdána wọn fún wọn. "Ẹni tó ń sá fún obì," ó ní, "kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tó bá rí idà?" Akọ́dà dúró síbẹ̀, obì lọ́wọ́, kò mọ ẹni tí yóò gbé e fún.

Àwọn méjèèjì padà fúnra wọn kí oòrùn tó yẹ̀ lórí, ewé lára aṣọ wọn, gèlè Ṣìfáwù ti sọnù. Ràímì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá mi bi í pé ibo ló ń gbé ọmọ òun lọ.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Lọ́dọ̀ wa, bí wọn ò bá bá ọkùnrin nílé, ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń mú dè títí yóò fi jáde wá. N ò lè fi í sílẹ̀ fún wọn."

Àbúrò bàbá rẹ̀, tí aró ń kán tótó lára rẹ̀, wá ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn onífìlà pupa Faransé ṣe de ìyá Ràímì mọ́lẹ̀ nínú oòrùn, títí ẹ̀gbọ́n Ràímì fi jáde láti inú igbó. Ogun ni wọ́n mú ẹ̀gbọ́n náà lọ, kò sì tíì dé. Bàbá mi ní ṣé kì í ṣe fìlà ọba lásán ni wọ́n rí ni? Ọkùnrin náà ní bí ènìyàn bá dúró wo fìlà dáadáa lọ́dọ̀ àwọn, ó ti pẹ́ jù.

Ẹni tí a rò pé yóò dúpẹ́ pé ìgbéyàwó náà dàrú ló wá kúnlẹ̀. "Bàbá Ṣìfáwù," ni ìyá mi wí, "ẹ jẹ́ kó fẹ́ ẹ. Ọkùnrin tí ẹ̀rù ń bà tó tún rántí ìyàwó, ẹ wá ẹyọ kan fún mi nínú agbo ilé yìí." Àwọn àgbà ilé wolẹ̀. Ìyàwó wọn pọ̀ níbẹ̀.

Bàbá mi gbà, ṣùgbọ́n ìyá mi ní ọmọ òun kò ní sọdá ìlà òyìnbó náà. Ràímì ní òun náà kò lè fi ìyá òun sílẹ̀ fún wọn lọ́hùn-ún. Wọ́n wá fi í sí pé kí ó lọ mú ìyá rẹ̀ wá, bí ó bá dé, kí wọ́n so yìgì. Ó lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dáwọ́ dúró, a kò gbúròó rẹ̀. Àwọn ọkùnrin Ìwó bẹ̀rẹ̀ sí í yà kí bàbá mi, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé Ṣìfáwù ni wọ́n ń wò. Ṣìfáwù kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn ń po aró láti àárọ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú dé ìgúnpá, ó ní kí wọ́n wá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ràímì dé. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ó fọ̀já pọ̀n ọ́n, nítorí pé ẹsẹ̀ ìyá náà kò mókun mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dè é. Ọ̀pọ̀ aládùúgbò wọn tẹ̀lé e, tewúrẹ́ tewúrẹ́. Wọ́n so yìgì, wọ́n sì fún wọn ní ilẹ̀ lọ́nà Olúpọ̀nnà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí agogo ààfin dún pé kí àwọn ọkùnrin wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn tiwa wẹ̀, wọ́n wọ agbádá, wọ́n lọ jókòó létòlétò, bàbá mi wà níwájú. Iṣẹ́ lílà ọ̀nà fún òyìnbó ni wọ́n pè wọ́n sí, láti orí ìjókòó yẹn náà ni wọ́n sì ti kà wọ́n lọ. Akọ́dà dé oko Ràímì, adìẹ nìkan ló bá nílé. Nígbà tí bàbá mi dé, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Kò dárúkọ òyìnbó tiwa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Ó kéré tán, wọ́n kí wa kí wọ́n tó kó wa."

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbà pé ojo ni àwọn ará Kétu, pé àwa là ń pè ní ọmọ ìlú. Nígbà tí mo kàwé, mo yí i padà, mo ní àwọn ló gbọ́n, àwa là ń ṣe ẹrú ọba. Ní báyìí tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, tí irun mi sì ti ń funfun, mo rò pé oníkálukú kàn mọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ nà án ni. Bí ẹni tó wọ aṣọ ìjọba bá kanlẹ̀kùn mi, ọmọ Ìwó ṣì ni mí: mo ń gbé àga fún un kí n tó bi í ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́ ilé mi lọ́dún tó kọjá, mo ní kí birikilà fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí ẹ̀yìn, níbi tó kọjú sí igbó. Ó bi mí pé kí ni ti ibẹ̀, mo ní fún afẹ́fẹ́ ni. Ṣìfáwù wá wo ilé náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀hún, ó tì í, ó tún ṣí i wò bóyá yóò dún.

"Tíṣà," ó ní, "fi epo sí àgbékọ́ rẹ̀."