Orúkọ Méjì Nínú Fìlà

Bí ẹ bá béèrè Clem Hathersall ní Kurri Kurri, ìlú wa ní Australia, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé ó gbá bọ́ọ̀lù rọ́gíbì fún Australia. Wọ́n á ní ó ga bí òpó, pé ọkùnrin méjì lè so mọ́ ọn lẹ́yìn kó ṣì máa sáré lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Clem fúnra rẹ̀ nípa bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ Joss Pruett, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, ni yóò máa sọ títí tíì yín á fi tutù. Àwọn kan ní àsọdùn ni. Kí wọ́n lọ jókòó jẹ́ẹ́.

Awakùsà èédú ni àwọn méjèèjì. Méjì méjì là ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ níbí: ọ̀kan á máa fi díígà gé èédú, ìkejì á máa fi ṣọ́bìrì kó o. Kò sì sẹ́ni tó ń yan ibi tó wù ú. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ á kó orúkọ gbogbo wa sínú fìlà, yóò sì ṣẹ́ kèké. Ẹni tó bá bọ́ sí ibi gbígbẹ ti jẹ̀gbádùn. Ẹni tó bá bọ́ sí Ibi Olómi, tí omi ń muni dé orúnkún tí àpáta sì ń kanni lórí, kó fara dà á títí kèké mìíràn. Clem ò tíì bọ́ síbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni kí orúkọ ẹni má sí nínú fìlà rárá. Ẹni bẹ́ẹ̀ á padà sẹ́yìn gbogbo èèyàn bí àlejò, á máa dúró lẹ́nu kòtò títí àyè yóò fi ṣí, ó sì lè tó ọdún kan.

Ìdí nìyẹn tí Clem ò fi fò sókè nígbà tí ìròyìn dé bá a lábẹ́ ilẹ̀ pé wọ́n ti yàn án.

"Joss," ó ní, "wọ́n mú mi."

"Ta ló mú ọ? Ọlọ́pàá?"

"Rárá o. Àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ Australia. Wọ́n ní England là ń lọ."

Joss gbé díígà sílẹ̀. "Ṣé ọkùnrin ti tán ní Sydney ni?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, jọ̀ọ́. Mi ò lè lọ. Ìrìn àjò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Orúkọ mi á kúrò nínú fìlà, ìyàwó mi sì ti lóyún. Kí la fẹ́ máa jẹ tí mo bá dé?"

"Ta ló ní ó máa kúrò? Bí ẹnì kan bá ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, òfin ò ní kí wọ́n yọ ìkejì."

"Ìwọ nìkan? O máa kú o, Joss!"

"Bí mo bá kú, wá sin mí. Máa lọ, jàre. Tí o bá jókòó sílé, ojoojúmọ́ lo máa máa ráhùn sí mi létí, ìyẹn gan-an ló máa tètè pa mí."

Clem wọ ọkọ̀ òkun. Ó bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ní England, ẹrẹ̀ kún pápá, òjò ò sì dá. Àwọn awakùsà bíi tirẹ̀ ló ń dúró létí pápá, tí wọ́n ń kígbe pé, "Ẹ fún ẹṣin yẹn ní koríko o!" Lọ́jọ́ tó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àwọn ará England, tí èèyàn mẹ́ta so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, àwọn kan náà ló pàtẹ́wọ́ fún un jù. Inú rẹ̀ dùn. Síbẹ̀, lálẹ́, Joss ló ń rò. Ibo ni kèké mú fún un? Àbí ó ti gba ẹlòmíràn ní ẹnìkejì?

Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹgbẹ́ onífèrè ìlú wá pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ rélùwéè. Olwen, ìyàwó rẹ̀, gbé ọmọbìnrin tí kò tíì rí rí lé e lọ́wọ́. Ó fẹnu ko ọmọ náà lórí, ó wá ń wo àárín èrò.

"Joss ńkọ́?"

"Ó wà níbi iṣẹ́," Olwen dáhùn. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ibi Olómi ni kèké mú fún un, Clem. Ẹ̀ẹ̀mejì léra wọn. Wọ́n fẹ́ fún un ní ẹnìkejì, ó kọ̀. Bí akọ̀wé bá ti bi í pé ta ni ẹnìkejì rẹ̀, ìwọ ló ń dárúkọ. Akọ̀wé ní, 'Ṣebí England ni Clem wà.' Joss ní, 'Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà ní England. Orúkọ rẹ̀ wà níbí.'"

Clem fi onífèrè sílẹ̀ pẹ̀lú fèrè wọn. Ó wọ kóòtù dáadáa tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ sẹ́nu kòtò, ó dúró títí Joss fi jáde. Aṣọ Joss tutù dé ìbàdí, ó sì ti rù débi pé ojú rẹ̀ ti wọnú.

"O ti dé," Joss ní. "Ṣé ẹ nà wọ́n?"

"A nà wọ́n."

"Ó dáa. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la o. Má wọ kóòtù wá."

Clem gbá a mọ́ra, kóòtù sì bàjẹ́ pátápátá. Àwọn baba wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ní ti Clem, ó dúpẹ́ títí ó fi sú Joss. Bó ṣe ń dúpẹ́ lórí oúnjẹ ló ń dúpẹ́ nídìí èédú, títí Joss fi ní, "Tó o bá tún dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣọ́bìrì yìí ni mo máa fi gbá ọ lẹ́nu."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn ará England tó wá sí Sydney. Wọ́n tún yan Clem. Ṣùgbọ́n lásìkò òtútù yẹn, àyà ń dun Joss, ikọ́ dá a dùbúlẹ̀, dókítà sì ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò títí ooru á fi dé. Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù náà gan-an ni ọjọ́ kèké. Ẹni tó bá fẹ́ di orúkọ ẹnìkejì rẹ̀ mú, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró níwájú akọ̀wé. Bí kò bá sí ẹni tó dúró fún Joss, wọ́n á yọ ọ́, pẹ̀lú àyà tó ń dun ún.

"Tó o bá kọ̀ fún wọn, wọn ò ní pè ọ́ mọ́," Olwen sọ fún un.

"Mo mọ̀."

"Ṣé kò ní dùn ọ́?"

"Á dùn mí gan-an," Clem ní. Ó sì ránṣẹ́ sí Sydney pé òun ò wá. Lóòótọ́, wọn ò pè é mọ́ títí tó fi darúgbó.

Nígbà tó wọlé lọ́jọ́ kèké, gbogbo èèyàn yíjú sí i.

"Clem? Ṣebí Sydney lo wà?" akọ̀wé bi í.

"Kọ orúkọ wa sílẹ̀."

"Joss wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Ikọ́ rẹ̀ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Orúkọ rẹ̀ wà níbí."

Akọ̀wé kọ orúkọ méjèèjì, ó jù wọ́n sínú fìlà.

Láti ibẹ̀, ilé Joss ni Clem gbà lọ. Bí Joss ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí lo ń wá níbí? Ṣé òní kọ́ ni bọ́ọ̀lù ni? Òpònú! Aláìmọ̀kan!"

"Mo ti fi orúkọ wa sínú fìlà."

Joss yíjú sí ògiri. Nígbà tó yíjú padà, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ibo ló mú?"

"Ibi Olómi."

Joss bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, Clem sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "O fi Australia sílẹ̀ nítorí Ibi Olómi!" Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó di ọwọ́ Clem mú. "O ṣeun," ó ní. Kò sọ ọ́ rí ṣáájú ìgbà yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Clem nìkan ló wọ ibẹ̀. Àpáta kàn án lórí, ó tẹ orí ba. Omi náà dé orúnkún rẹ̀, ó tutù wọ inú eegun, ìgbà náà ló tó mọ ohun tí Joss dúró sí fún odidi oṣù mẹ́fà. Ó gbé díígà sókè, ó sì dúpẹ́, ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò fi ṣọ́bìrì gbá a lẹ́nu.