Mọ́tò Tó Ń Ké Lórí Òkè

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ má sì dá mi lẹ́nu. Ìtàn obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ. Kò dùn, n kò sì ní í fi oyin sí i.

Aránṣọ ni obìnrin náà, orúkọ tí gbogbo àdúgbò sì ń pè é náà nìyẹn. Yàrá iwájú ilé wọn ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì gígùn tí ọkọ rẹ̀ kàn fún un, àti dígí kan ní igun tó ti rí ẹ̀yìn gbogbo obìnrin òpópónà náà. Ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Bí o bá ní kó rán aṣọ tó fún mọ́ ọ jù, á wò ọ́ látòkè délẹ̀, á ní, "Ṣé ìwọ ni yóò wọ̀ ọ́ ni àbí àbúrò rẹ?"

Ọkọ rẹ̀, káfíńtà, Erin ni wọ́n ń pè é. Ẹ má pè é ní àbùkù o, òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin náà tóbi débi pé bó bá fẹ́ jókòó, àga á kọ́kọ́ ronú. Òun ló ń kan àga tara rẹ̀, torí ti ọlọ́jà kì í bá a kalẹ́.

Àfi bí àìsàn ṣe dé. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní ó wà. Dókítà ní kó máa wá gba oògùn sínú iṣan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ọsibítù ńlá orí òkè, kò sì gbọdọ̀ pa ọ̀sẹ̀ kankan jẹ. Ó ní bí kò bá pa á jẹ, ìrètí wà. Aránṣọ di ọ̀rọ̀ yìí mú ṣinṣin. Erin kò lè wọ bọ́ọ̀sì mọ́, torí bí ara rẹ̀ bá gbọ̀n pẹ́nrẹ́n, ìrora á wọ̀ ọ́ dé egungun. Ó wá ku mọ́tò wọn àtijọ́ nìkan. Iwájú há fún un, nítorí náà ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, lápá ọ̀tún, níbi tí ilẹ̀kùn ti ń ṣí gbagada. Aránṣọ ló ń wà á.

Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, Aránṣọ tẹná kí wọ́n lè gùn ún, ló bá di gùrọ̀-gùrọ̀-gùrọ̀, bí ẹni ń fa irin lórí kọnkéré. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó dákẹ́. Ó tún tẹná, ó tún ké. Ó pariwo:

"Yéè! Kí lèyí? Olúwa mi, kí lèyí?"

"Mọ́tò ń kọrin ni," Erin fọhùn lẹ́yìn. "Ìwọ náà gbè é."

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí mọ́tò yìí bá kú, Erin náà yóò kú. Bó ṣe sọ ọ́ fún ara rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá ní kò bọ́gbọ́n mu, ẹ lọ bá ọgbọ́n yín jókòó. Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á.

Bí wọ́n ṣe dé láti ọsibítù, ó mú Erin wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ. Sípánà ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí Erin máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ìgbálẹ̀ tó wọ ṣòkòtò ni. Sípánà wa mọ́tò náà lọ, ó wà á bọ̀. Ó tẹná, ó tún tẹná. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Màmá, mọ́tò yìí ò dún o."

"Ó dún! Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́."

Sípánà ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ó de gbogbo ohun tó ń mì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe dé ẹsẹ̀ òkè, gùrọ̀-gùrọ̀-gùrọ̀. Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún nídìí sítiárìn. Ó tún gbé Erin sílé, ó tún lọ, mọ́tò tún dákẹ́ bí ọmọ tó rí àlejò. Wọ́n yẹ ẹ́ńjìnnì wò, wọ́n yẹ gíà wò, wọ́n gbé e sókè lórí jáàkì. Níkẹyìn, Sípánà nu ọwọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ pé:

"Màmá, ẹ ò sinmi mọ́. Nígbà mìíràn, bí ara bá rẹ èèyàn, etí a máa gbọ́ ohun tí kò sí."

Háà! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú nìyẹn. Aránṣọ wò ó, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Kí o kúkú pè mí ní wèrè, Sípánà. Dúró, mo ń bọ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tún tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n kúrò ní ọsibítù, kò yà sílé. Ọ̀dọ̀ Sípánà ló wa Erin lọ tààrà. Sípánà jókòó sídìí sítiárìn, Erin wà lẹ́yìn, Aránṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú. Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti ga, Sípánà tẹná, mọ́tò fi igbe ta.

"Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ gbọ́ ọ! Ṣé wèrè ni mí?"

Ẹnu ya Sípánà. Wọ́n padà dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kí Erin sọ̀ kalẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tún wà á lọ síbẹ̀. Kò dún. Wọ́n gbé Erin padà, ó dún. Ni Sípánà bá wọ abẹ́ mọ́tò, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú eruku lójú. Sípíríǹgì ẹ̀yìn apá ọ̀tún ló ti rọ̀. Bí ẹni tó wúwo bá jókòó síbẹ̀, tí mọ́tò sì ń sáré gun òkè, ẹ̀yìn á rọ̀ sílẹ̀, páìpù èéfín á sì máa ha irin abẹ́ rẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ ni, sípíríǹgì rẹ̀ wọ́n bí ojú. Sípánà ní òun yóò máa wá a.

Erin rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Àṣé èmi ni àìsàn mọ́tò! Bí ẹ bá ti gbé mi sọ̀ kalẹ̀, ara rẹ̀ á yá."

"Ẹ dákẹ́ jàre," Aránṣọ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ara tu ú díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, wọn ò rí sípíríǹgì. Aránṣọ ń rákò gun òkè, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, wọ́n ń bú u, òun náà sì ń yọ orí bú wọn padà. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá tẹná díẹ̀ ni ariwo náà ń dún. Nílé, ó ń dín ṣòkòtò Erin. Ó dín in, ó tún dín in. Ó ní aṣọ ló ń fà. Ẹ gbọ́ o, aránṣọ tó mọ ìwọ̀n gbogbo àdúgbò lórí, òun ló ń sọ pé aṣọ ló ń fà!

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ti pẹ́. Ó ní ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, ó dé ẹsẹ̀ òkè, ó tẹná mọ́ ọn gidi. Mọ́tò gun òkè lọ wẹ́rẹ́. Kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ́kẹ́ pa.

"Ó ti yá!" ló pariwo. "Baálé mi, ó ti yá o! Ẹ ò gbọ́ bó ṣe dákẹ́ ni?"

"Mo gbọ́," ni Erin wí.

Ó kọrin dé ọsibítù. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì, ó sọ fún ẹni tó ń nu ilẹ̀. Ó dá a lójú pé bí mọ́tò ṣe yá yìí, ara Erin náà yóò yá. Lọ́sàn-án, ó fi Erin sílé, ó sáré lọ fún Sípánà níròyìn ayọ̀. Sípánà kò yọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ mọ́tò, ó nàró.

"Màmá, bó ṣe wà náà ló wà. Irin kì í wo ara rẹ̀ sàn."

"Kí ló wá pa á lẹ́nu mọ́?"

Sípánà ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn apá ọ̀tún, ó wọlé, ó jókòó síbi tí Erin máa ń jókòó sí. "Ẹ máa wà á lọ."

Ó wà á lọ. Níbi tí ọ̀nà ti ga, ó tẹná. Gùrọ̀-gùrọ̀-gùrọ̀.

Ìgbálẹ̀ tó wọ ṣòkòtò! Sípánà tí atẹ́gùn lè gbé lọ, òun ló wúwo ju Erin lọ báyìí. Aránṣọ dá mọ́tò dúró láàárín ọ̀nà. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin, kò sí pé mo rí nǹkan fìrí mọ́. Ó gbé orí lé sítiárìn, ó sì sunkún débi tí Sípánà kò fi mọ ibi tí yóò fi ojú sí. "Ẹ má bínú, Màmá," ló ń sọ ṣáá. "Ẹ má bínú."

Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó lè sọ òótọ́ fún ọkọ rẹ̀. Kò sọ ọ́. Nígbà tí àárọ̀ ọsibítù tún pé, kó tó mú Erin jáde, ó pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì mélòó kan, ó sì tò wọ́n sínú búùtù, sápá ọ̀tún. Kò fẹ́ kó mọ̀. Ó fẹ́ kí ọkùnrin náà máa rò pé Erin ṣì lòun.

Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè. Gùrọ̀-gùrọ̀-gùrọ̀.

"Ẹ wá gbọ́ mọ́tò játijàti yìí," ni Aránṣọ wí. "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti wúwo jù."

Erin ní, "Aránṣọ, dá mọ́tò dúró."

"A ti pẹ́ o."

"Mo ní dá a dúró."

Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Omi ló wà ní búùtù. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń jà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn mi níbí. Àìsàn ló ń ṣe mí, mi ò tíì di adití." Ó mí. "Láti ọjọ́ tó ti dákẹ́ ni mo ti mọ̀. O ń kọrin níwájú níbẹ̀, mi ò fẹ́ ba ayọ̀ rẹ jẹ́."

Aránṣọ jáde, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí.

"Ó ń ba èmi náà. Ọ̀rọ̀ mọ́tò la ti ń sọ látọjọ́ yìí, ìwọ àti èmi. A ò tíì sọ èyí."

Wọ́n sọ ọ́. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì ní í purọ́ ohun tí wọ́n sọ mọ́ wọn. Ó pẹ́ kí Aránṣọ tó dìde lọ ṣí búùtù, ó sì da omi náà sójú gọ́tà, kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́yìn èkejì, ó ń sunkún ní gbangba, àwọn ọlọ́kọ̀ ń wò ó.

Lẹ́yìn náà ó padà sídìí sítiárìn, ó sì tẹná. Mọ́tò gun òkè láìdún rárá, Aránṣọ sì ń gbọ́ bí Erin ṣe ń mí lẹ́yìn rẹ̀, títí wọ́n fi dé òkè.