Ẹ̀gbà Ọwọ́ Ìyá Tinúadé

Bí èèyàn bá béèrè ilé Àtàndá alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Òkèrèwè, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé ṣé ẹ̀gbà ọwọ́ lásán ló fẹ́ ṣe ni, àbí èyí tó ní ọnà lára. Bó bá jẹ́ ti ọnà ló bá wá, kó yáa padà sílé. Láti ìgbà tí Dúrósinmí ọmọ baba náà ti kú ni kò ti fi irin ìfínnà kan fàdákà mọ́. Á yọ́ ọ, á lù ú, á tẹ̀ ẹ́ róbótó, á fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí á fi funfun, á sì gbé e fún ẹni tó ni ín. Àwọn oníbàárà kan bínú lọ, kò sì pè wọ́n padà.

Ẹ má tètè dá a lẹ́bi. Ọmọ mẹ́ta ló ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí èyí, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Dúrósinmí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ràṣídì ni àlùfáà sọ ọ́. Ọmọ náà sì dúró lóòótọ́. Ó dúró fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó kọ́ṣẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n ju baba rẹ̀ lọ. Baba a lu ẹ̀gbà, ọmọ a fín in. Kò ní fi ohunkóhun ya àwòrán sí i tẹ́lẹ̀. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni yóò gbé lé fàdákà, yóò máa fi òòlù kékeré gbá a nídìí, ẹyẹ á sì yọjú. Ibà ọlọ́jọ́ mẹ́rin ló mú un lọ ní 1984. Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òwe yẹn máa ń dùn lẹ́nu ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní 1986, obìnrin kan wọ ilé iṣẹ́ baba. Tinúadé lorúkọ rẹ̀, ilé ìkàwé yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, àdúgbò Mayfair ló sì ń gbé. Ó tú aṣọ funfun kan, ó mú ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà tó fẹ̀ dáadáa jáde.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ìyá mi tó ṣaláìsí ló ni ín. Àwa ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí, ẹyọ kan sì ni ẹ̀gbà. Ẹ bá wa yọ́ ọ, kẹ́ ẹ fi ṣe méjì, kó kan èmi, kó kan Fọláṣadé àbúrò mi.”

Àtàndá gbà á, ó yí i wò, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ Dúrósinmí ló fín in. Ẹyẹ mẹ́ta ló ń tọ ara wọn lẹ́yìn lára rẹ̀, èyí tó kéré jù sì ń wẹ̀yìn. Ó rántí ọjọ́ tó bá ọmọ rẹ̀ wí lórí ẹyẹ yẹn pé, “Ẹyẹ wo ló ń fò tó ń wẹ̀yìn?” Dúrósinmí rẹ́rìn-ín, ó ní, “Èyí tó gbàgbé nǹkan sílé ni, Bàbá.” Gbogbo ohun tí ọmọ náà fín ni wọ́n ti rà tán nígbà ayé rẹ̀. Kò ku ẹyọ kan nínú ilé.

Àṣà kan wà nínú iṣẹ́ wọn: oníbàárà gbọ́dọ̀ jókòó ti fàdákà rẹ̀ títí yóò fi yọ́ lójú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n fi táńganran lu òun ní jìbìtì. Ogójì ọdún ni Àtàndá ti ń ṣiṣẹ́, kò yẹ àṣà náà rí. Lọ́jọ́ yẹn ló gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, Màdáámù. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.” Tinúadé ò mọ àṣà kankan, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ẹ wo bí ìbànújẹ́ ṣe ń sọ olóòótọ́ di olè! Baba ní ṣílè ayé òyìnbó, ògidì fàdákà, nínú agolo kan. Ó gbé ẹ̀gbà sápá kan ìwọ̀n, ó ń kó ṣílè sápá kejì títí wọ́n fi dọ́gba, ó sì tún fi ẹyọ kan lé e kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó ní òun ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, fàdákà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ó wé ẹ̀gbà mọ́ aṣọ, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Lọ́jọ́rú, ó ti kó ṣílè sínú ìkòkò amọ̀ kékeré tó fi ń yọ́ fàdákà, wọ́n ti ń rọ̀ lórí èédú, àwòrán ara wọn ti parẹ́. Bí Tinúadé ṣe wọlé nìyẹn, láìròtẹ́lẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ọkàn mi ò gbà kó yọ́ lẹ́yìn mi. Ṣé ó ti wà nínú ẹ̀?”

Baba mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ìkòkò.

“Màámi,” ó ní, “ó dàbọ̀ o.”

Èyí ni Àtàndá ò lè gbà. “Ọmọ mi, dìde. Ìyá rẹ ò sí níbẹ̀.”

Ó wọlé lọ gbé ẹ̀gbà wá, ó sì sọ òótọ́ fún un. Inú bí Tinúadé. “Bàbá! Màámi ò bọ́ ọ lọ́wọ́ rí, bí wọ́n ń fọṣọ, bí wọ́n ń gbàdúrà. Ẹ wá fẹ́ kí n máa wọ ṣílè òyìnbó, kí n máa pè é ní ìyá mi?”

“Ẹ̀bi mi ni,” baba wí. “Mi ò rí sàréè ọmọ mi. Ẹ mọ̀ pé òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ ẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n tì mí mọ́ tí wọ́n fi gbé e lọ. Kò sí ohun tó kù fún mi nínú rẹ̀ àfi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yìí tẹ́ ẹ mú wá.”

Tinúadé jókòó sórí àpótí, ó wo àwọn ẹyẹ náà pẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé kò rí wọn rí. Ó bọ́ bàtà ẹ̀, ó sún mọ́ ẹwìrì. “Ẹ da ṣílè yẹn nù, Bàbá, kẹ́ ẹ fi èyí sí i. Màá bá yín fẹ́ iná.”

Àtàndá da ṣílè jáde, ó fi ẹ̀gbà sí i. Tinúadé ń fẹ́ ẹwìrì, baba ò gbójú kúrò. Ẹ̀gbà pọ́n, ó rọ̀, àwọn ẹyẹ náà ń ṣá níkọ̀ọ̀kan títí kò fi sí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe fàdákà tó ń mì nínú ìkòkò. Nígbà náà ni baba ka àdúà tí kò láǹfààní àtikà létí sàréè: “Ìnnà lìláhì wa ìnnà iléhì rájíúnà.”

“Àmín,” Tinúadé wí.

Omijé bo baba lójú, kò sì dúró nù ún, torí fàdákà tó ti yọ́ kì í dúró de ẹni tó ń sunkún. Ó fi ẹ̀mú gbé ìkòkò, ó sì dà á sójú irin lọ́nà méjì, ó dọ́gba.