Ọ̀já Tí Ìyá Mi Hun fún Ìsàmì Àbúrò Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé wa ní Òkè-Àgbò, ẹ̀yin ọmọ, mo ti mọ ohun tí ń jẹ́ ẹ̀rù kí n tó mọ A, B, D. Lára ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Bó bá jí láàárọ̀, kó tó bọ́jú, kó tó kí bàbá mi, yóò kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé àyà àbúrò mi, kó mọ̀ bóyá ó ń mí. Bó bá ń mí, ìgbà náà ni òun náà yóò tó mí.

Àbúrò mi ọkùnrin yìí yàtọ̀. Ìpẹ̀kun ojú rẹ̀ gbé sókè, imú rẹ̀ tẹ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ kúkúrú, ahọ́n rẹ̀ kì í sì í fẹ́ gbé ẹnu. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré kiri àdúgbò, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó. Àyà rẹ̀ kò lágbára. Bó bá rẹ́rìn-ín jù, ètè rẹ̀ á ṣú bí aró, ẹ̀rín sì rèé, iṣẹ́ rẹ̀ ni! Lónìí, àwọn dókítà ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, orúkọ tí àwọn ará ilé ń pè é kò ṣeé gbọ́ sétí ìyá rẹ̀. Ìyá bàbá mi kì í tilẹ̀ gbé e rárá. Ó ní ọmọ náà kàn wá wò wá ni, yóò sì padà síbi tó ti wá. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sì kú, wọn kì í sin ín sílé. Igbó ni wọ́n ń gbé e lọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í tọ́ka ibẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jagun, tí ọ̀nà là, ni bàbá àti ìyá mi gba ìgbàgbọ́. Ẹ má rò pé ṣọ́ọ̀ṣì bíríkì tí ẹ ń wò yìí ni mò ń wí o. Ògiri amọ̀ ni tiwa, ewé gbodogí ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, bí òjò bá sì ká wa mọ́ ìwàásù, kálukú á máa sún kiri. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń sin àwọn tí a ti sàmì fún sí. Ilẹ̀ yẹn ni ìyá mi gbójú lé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ èmi tí mò ń bá a ran òwú mọ̀, torí àdúrà rẹ̀ kì í yí padà: "Olúwa, má jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ mẹ lọ sígbó."

Tíṣà tó ń bójú tó ìjọ wa, ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n òfin kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọmọ tí wọ́n bá gbé wá síbi omi ìsàmì, òbí rẹ̀ ni yóò dáhùn fún un; ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi dáhùn. Ẹ ò rí ọ̀ràn? Ọdún yẹn gan-an ni àbúrò mi rìn! Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀, ìyá mi jó yí àgbàlá ká. Nígbà tó yá tó rántí òfin tíṣà, ẹkún ló bú sí. Ìrìn tó ti ń gbààwẹ̀ lé lórí ló tún fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó já gaara lẹ́nu ọmọ náà kò ju "ìyá" àti "wá" lọ.

Ahunṣọ ni ìyá mi. Ó jókòó ti òfì rẹ̀, ó hun ọ̀já kan tó gùn ju gbogbo ọ̀já ilé wa lọ, tó fẹ̀, tó sì ki, torí ọmọ tó ti tó rán níṣẹ́ ló fẹ́ pọ̀n bí ọmọ ọwọ́. Bàbá mi wò ó títí, ó ní, "Ìyá ọmọ, ṣé Ọlọ́run náà lo fẹ́ tàn jẹ?"

Ìyá mi kò gbójú sókè. "Mèé tan Ọlọ́run. Òun ló dá a, ó mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ ni. Tíṣà ni kò mọ̀."

Àlùfáà kì í gbé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Ó máa ń ya Òrù, á ya Àgọ́-Ìwòyè, kó tó kàn wá. Bó bá sì lọ, ta ló mọ ìgbà tí yóò padà? Ọyẹ́ ti ń mú, ikọ́ ti wọ àbúrò mi láyà, ìyá mi kò sì fẹ́ẹ́ jẹun mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsàmì, ó pọ̀n ọ́n, ẹsẹ̀ ọmọ náà ń gbá a lórúnkún bó ti ń rìn. Àwọn obìnrin kan ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ìyá bàbá mi tẹ̀ lé wa, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í wọ̀, ó ní òun wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí ni. Èmi wà lẹ́yìn ìyá mi, mo ń wo ìdí ọ̀já náà kó má baà tú.

Kó tó kàn wá ni wọ́n dá orin. Ta ló tó sọ fún àbúrò mi pé kó má jó? Ó ń ta, ó ń jà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ títí ọ̀já fi tú. Ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó dìde, ó sì ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lọ tààrà síbi àwo omi. Orin dákẹ́. Tíṣà dìde, ó ní, "Ẹ wò ó o, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wá." Ìyá mi kúnlẹ̀ síbi tó wà.

Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó rọra bi í bóyá ó fẹ́ jẹ́ ti Jésù. Ẹ wo ohun tó ṣe. Ìyá mi ti kọ́ ọ pé bí àgbà bá bá a sọ̀rọ̀, kó dọ̀bálẹ̀. Ló bá na gbalaja, ó fi àyà kanlẹ̀, ikọ́ ń mì ín. Tíṣà pariwo "Háà!", torí ó ti kìlọ̀ fún gbogbo ìjọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn nínú ilé Ọlọ́run. Mo ní ó parí.

Ẹnu ọ̀nà la ti gbọ́ ohùn. Ìyá bàbá mi ni, ẹni tí kò gbé e rí.

"Kí lẹ ṣì ń dúró dè? Ọmọ náà ti dáhùn. Nílẹ̀ wa níbí, ṣé ẹni tó bá kọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀?"

Àlùfáà kò wo tíṣà. Ó gbé ọmọ náà dìde, ó bu omi lé e lórí. Omi náà dùn mọ́ ọn débi pé ó fi ọwọ́ gbá a sí àlùfáà láṣọ.

N kò ní purọ́ fún yín pé ẹ̀rù kúrò lára ìyá mi lọ́jọ́ náà. Àràárọ̀ ló ń gbé ọwọ́ lé àyà àbúrò mi, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí kò mí mọ́, nígbà tó ń di ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sin ín sí, ọ̀já yẹn ni wọ́n sì fi dì í. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa, ìyá bàbá mi ló ń mú wọn lọ tọ́ka ibẹ̀ hàn wọ́n.

Ayé ti yí o. Ewé gbodogí ti di páànù, ẹnikẹ́ni kò sì gbé ọmọ lọ sígbó mọ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo rí ọ̀dọ́bìnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn, tó fi ìborùn bo ojú ọmọ tó pọ̀n títí ìsìn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Atẹ́gùn ṣí ìborùn náà díẹ̀, mo sì mọ ojú yẹn, bíi ti àbúrò mi ló rí. Mo fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ bá a. Ó rò pé mo fẹ́ bá a wí ni, ó ti ń tọrọ gáfárà. Mo ní, "Ọmọ mẹ, tú ọ̀já yẹn. Jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, kó wá kí mi."