Pátákò Tó Jẹrà Lẹ́yìnkùlé Wa

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, tí ẹrẹ̀ àti koríko pọ̀ ju ilé lọ ní Ìpọ̀nrí, bàbá onílé wa ń sin màlúù fún wàrà. Ẹ̀yin ọmọ òní, inú agolo lẹ ti mọ mílíìkì. Ẹ máa dúpẹ́. Bí mo bá ti rántí wàrà bàbá yẹn, ṣe ni mo máa ń tutọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rù ojú ayé ń bà á ju bó ti yẹ lọ. Ó ní bí èèyàn bá wo ọmú màlúù òun, wàrà á gbẹ. Ló bá fi páànù ká ilé wọn mọ́, kò jẹ́ kí wọ́n jáde lọ jẹko mọ́. Inú òkùnkùn ni wọ́n ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọlé lọ kó ìgbẹ́ náà. Ìgbẹ́ mu wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. Èèrí burúkú! Òun nìkan ló ń wọlé fún wàrà, ìyàwó rẹ̀ á sì tà á fáwọn èèyàn.

Nígbà tí màlúù kan bẹ̀rẹ̀ sí tiro, ìyá mi tó jẹ́ opó ló kọjú sí, torí ẹ̀yìn fèrèsé wa ni ilé màlúù náà wà. "Ìwọ obìnrin yìí, ojú ẹ ló wà lára màlúù mi! Kó ẹrù ẹ kúrò nílé mi!"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, mi ò rí wọn rí. Ẹ jẹ́ ká bá yín kó ìgbẹ́ ibẹ̀ kúrò."

Ó ní ẹni tó fẹ́ wo màlúù òun ló ń wá ìgbẹ́ kó. Bàbá yẹn gan-an ni ọ̀bùn tó ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́!

Kò pẹ́, màlúù náà ṣubú, kò lè dìde. Àwọn ọkùnrin àdúgbò tú páànù, wọ́n wọ́ ọ jáde sí oòrùn. Pátákò rẹ̀ ti gùn, ó ti ká sókè bí bàtà àlòkù. Àárín rẹ̀ ti là, ó ń ṣọyún, ìdin ń rìn níbẹ̀. Obìnrin kan tó mu wàrà láàárọ̀ ọjọ́ náà bì sílẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó bá ń gbé inú ìtọ̀ á jẹrà? Mo rò pé bàbá á tọrọ àforíjì. Ó kàn ní, "Ṣé ẹ rí ohun tójú burúkú ń ṣe?" Àwọn tó fọwọ́ bo imú sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó lé wa jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Alápatà ra màlúù náà, àdúgbò sì rà á jẹ.

Ayé ti yí padà. Ilé alájà ti gba gbogbo ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sin màlúù lẹ́yìnkùlé mọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí àwọn tí gọ́tà iwájú ilé wọn ń rùn, tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn, tí wọ́n ń wá àjẹ́ kiri. Ìdin ẹsẹ̀ màlúù yẹn kó mi nírìíra lóòótọ́. Àwọn tó fojú ara wọn rí i, tí wọ́n tún dúró ń wo ìyá mi bó ṣe ń ru ẹní jáde, àwọn ló ń rí mi lára jù títí dòní.